Àká Àtijọ́ Lórí Sáfà Tuntun

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń wá iṣẹ́ tí wàá fi ọjọ́ ayé rẹ ṣe, ṣé o ti bi ara rẹ léèrè rí pé nígbà tí irun bá funfun tán lórí rẹ, ta ni yóò kù tí yóò gbọ́ èdè iṣẹ́ náà bí o bá sọ ọ́? Àwọn òbí rẹ yóò bi ọ́ nípa owó oṣù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò bi ọ́ nípa mọ́tò tí wọ́n máa fún ọ. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè tèmi yìí, nítorí pé ẹni tí kò tíì dé ẹ̀yìn iṣẹ́ kò lè mọ̀ pé ìbéèrè náà wà. Èmi ti dé ẹ̀yìn iṣẹ́. Inú fúláàtì mi ní Festac ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nínú ọ̀kan lára àwọn òpópónà kúkúrú tí kò ní ìjáde, tí àwa ń pè ní kúlóòsì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kún kúlóòsì yìí nígbà kan. Lónìí, èmi àti Alàgbà Fálànà tó ń gbé ní òdìkejì nìkan ló ṣẹ́kù nínú wa. Àwọn kan kú, àwọn kan ta ilé wọn, wọ́n padà sí ìlú wọn, àwọn oníṣòwò ọjà Trade Fair ló sì rà á. Aládùúgbò rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jáde kí n tó jẹun àárọ̀, géètì wọn kì í sì í ṣí sílẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú dátábéèsì. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má bàa ṣìnà, àká ni dátábéèsì. Bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn sínú dátábéèsì, kí wọ́n lè bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tí àká náà wà lórí rẹ̀ ni à ń pè ní sáfà. Sáfà náà sì ní sọ́fítíwià kan tí ó jẹ́ olórí, tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo sọ́fítíwià yòókù tó bá wọ inú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè é. Baálé ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé ìwà baálé gan-an ló ń hù: kò sí àlejò tí yóò wọ agbo ilé rẹ̀ tí kò ní tẹ̀lé òfin rẹ̀. Fi baálé yìí sọ́kàn. Òun ló fẹ́ pa mí lẹ́kún.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn. Mo kàwé nípa ìṣirò, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, wọ́n mú mi. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni ìtàn.

Ọ̀gá Oyèníran ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í wọ ju ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ, tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà le débi pé ó lè gé ìka. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi ju yàrá ọkọ àti ìyàwó lọ, òtútù inú yàrá rẹ̀ sì dà bí ti ọyẹ́. Mo rò pé wọn yóò fún mi ní àga níwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí mo dé. Aṣọ ìnulẹ̀ ni Ọ̀gá fún mi. Títí òjò ọdún náà fi dá, eruku ni mò ń nù, téèpù ni mò ń gbé láti orí pẹpẹ kan sí òmíràn. Ìgbà tí mo wá bínú, tí mo sọ fún un pé èmi kàwé, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo mọ̀ pé o kàwé. Ohun tí mò ń wò ni bóyá o lè dúró.”

Ohun tí ó kórìíra jù lọ láyé ni ọ̀rọ̀ náà, “ó yẹ kó wà.” A máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú àká lójoojúmọ́, kí nǹkan má bàa ṣòfò bí iná bá jó o tàbí bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá ẹ̀dà ti àná wà.

“Ó yẹ kó wà, sà.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó yẹ. Àwọn tó yẹ kó wà láyé ló pọ̀ jù ní itẹ́ òkú. Dìde, lọ gbé e wá, kà á sí mi létí.”

Mo gbé e wá, mo kà á. Òǹgbẹ fẹ́ gbẹ mí pa kí ó tó ní kí n dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu mi mọ́, ilé tàbí ọ́fíìsì. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá béèrè bóyá iyọ̀ wà nílé, ńṣe ni mò ń lọ tọ́ ọ wò.

Ọ̀gá tún ní àṣà kan tí n kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo àká ní atọ́ka. Atọ́ka ni ohun tí ẹ̀rọ ń wò kí ó lè sáré mọ ibi tí nǹkan wà, láìjẹ́ pé ó tú gbogbo àká. Ó dà bí ọmọ ilé tí ó mọ àyè ìjókòó olúkúlùkù, tí yóò mú ọ lọ tààrà bá ẹni tí ò ń wá. Ọ̀gá kò fọkàn tán ọmọ ilé. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń pa atọ́ka tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì ní kí ẹ̀rọ ka àká láti orí dé ìdí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹ àkókò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ọ̀gá sì fẹ̀sọ̀ mú gbogbo nǹkan, títí kan oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba kó lọ sí Àbújá, àwa méjèèjì kò lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ń wá ẹni tí yóò kó ìwé àwọn aláìsàn kúrò nínú fáìlì onípépà wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá lọ, ó mú mi lọ́wọ́ dání. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò tí ilé ìwòsàn náà ń lò, tí ó gbé e ka orí dátábéèsì kan tó lókìkí nígbà náà. Àṣà ilé ìwòsàn náà ni káàdì ẹbí. Ìdílé kan, nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn nọ́ńbà náà ni àmì dáàṣì kékeré, lẹ́yìn dáàṣì ni nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé: bàbá, ìyá, ọmọ. Ilé olórogún a máa mú kí nọ́ńbà náà gùn. Mo rántí ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá tí akọ̀wé ń ka ọmọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, “Dúró ná, dúró ná, ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe tèmi, ọmọ aládùúgbò ni, ó kàn tẹ̀ lé wa wá ni.”

Nínú àká yẹn ni ohun gbogbo wà. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba irú oògùn báyìí. Mo wá rí i pé kì í ṣe àgbàdo ni a kó pamọ́. Ènìyàn ni.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Káàdì oníhò lọ, téèpù dé. Téèpù lọ, dísíkẹ́ẹ̀tì dé. Ohun tí ó ń kún yàrá kan tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọmọdé ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. N kò ṣọ̀fọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí mo ṣọ̀fọ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tí irinṣẹ́ bá yí padà, àwọn tí a jọ mọ èyí tó lọ a tún dín kù. Ọ̀gá fẹ̀yìntì. Kò pẹ́ tí ó fi kú. Mo lọ sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, mo da erùpẹ̀ sí i lára bí ọmọ ti ń ṣe fún bàbá. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ àṣìṣe kan jáde, ọ̀kan nínú èyí tí Ọ̀gá fi ẹ̀fẹ̀ kọ sínú ètò rẹ̀: “Ìwọ náà tún un wò, ojú rẹ kò fọ́.” Ẹ̀rín pa mí. Mo yíjú sí àga rẹ̀ láti sọ fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá èdè náà sọ. Igi kan kì í dágbó ṣe, ṣùgbọ́n igi kan a máa dúró sójú ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀fúùfù máa bi í léèrè àwọn tó kù. Ètò tí Ọ̀gá kọ bá ẹ̀dà dátábéèsì àtijọ́ náà mu bí bàtà ti í bá ẹsẹ̀ mu. Àwọn tó ṣe dátábéèsì náà gbé ẹ̀dà tuntun jáde, wọ́n tún gbé òmíràn, ètò Ọ̀gá kò bá ọ̀kankan ṣe. Nítorí náà a dúró lórí ti àtijọ́. Bí mo bá pe àwọn tó tà á fún wa, àwọn ọmọdé tó ń gbé fóònù kò gbọ́ orúkọ ohun tí mò ń wí rí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì, ilé ìwòsàn kò fẹ̀yìntì lọ́dọ̀ mi. Bí nǹkan bá rú wọn lójú, wọ́n á pè mí, èmi á sì wọ bàtà kí ẹni tó pè mí tó parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ti lọ nígbà náà. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù, bí fóònù mi bá dún, àká náà ló ń pè mí.

Fúnkẹ́ ni orúkọ obìnrin tí wọ́n gbà sí ipò mi. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ, ó ní làákàyè tó mú bí abẹ. Dádì ni ó ń pè mí. Òun ló sọ fún àwọn aláṣẹ pé sáfà àtijọ́ ti ń kú lọ, pé baálé àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ náà, àwọn tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, olè lè gba ibẹ̀ wọlé nígbàkigbà. Wọ́n ra sáfà tuntun, baálé tuntun sì wà lórí rẹ̀. Ó kù kí á kó àká àtijọ́ wọlé sọ́dọ̀ baálé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó pè mí pé kí á jọ ṣe é.

Ọjọ́ Iléyá ni a mú, nítorí pé àwọn oníṣòwò láti Ìwó àti Ẹdẹ tó pọ̀ jù nínú aláìsàn wa ti lọ sílé ọdún, ilé ìwòsàn sì pa rọ́rọ́. Láàárọ̀, baálé tuntun kọ̀. Sọ́fítíwià dátábéèsì àtijọ́ náà ń béèrè àwọn fáìlì àtìlẹ́yìn kan tí baálé tuntun ti kà sí pàǹtí, tí kò tọ́jú mọ́. Fúnkẹ́ lọ kó wọn wá láti orí sáfà àtijọ́, ó fún wọn ní yàrá tiwọn lọ́tọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. A dúró.

“Dádì, ó jí! Ẹ wò ó, ó jí!”

Ó dìde, ó jó yí àga ká. A wá káàdì bíi mélòó kan, gbogbo wọn jáde. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì gbé ẹran ọdún wá fún wa nínú abọ́, a jẹ ẹ́ lójú ẹ̀rọ, ohun tí Ọ̀gá kò ní gbà láéláé. Ní ọ̀sán yẹn, mo tún ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ti ìlú dé, mo lọ wo àká náà bí ẹni ń lọ wo ọmọ ìkókó. Ẹnu ọ̀nà yàrá káàdì ni mo ti gbọ́ ariwo. Alhaja Ṣìfáwù ni, tó ń ta ohun èlò oúnjẹ ní Trade Fair, obìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, egbò wà lójúgun rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń wí fún mi o! Ó ní n ò sí! Èmi tí mo bí gbogbo ọmọ mi síbí, tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ níbí kí bàbá ẹ̀ tó fi ojú kan ìyá ẹ̀!”

Akọ̀wé káàdì náà ń bẹ̀ ẹ́. “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ni ò rí yín. Mo ti ṣí káàdì tuntun fún yín.”

“Káàdì tuntun? Ṣé o gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi ni?”

Òfin ilé ìwòsàn náà ni: ẹni tí ẹ̀rọ kò bá mọ̀, àlejò ni, káàdì tuntun ni wọn yóò ṣí fún un. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin. Mo tẹ̀ lé Alhaja wọ yàrá abẹ́rẹ́, nítorí pé káàdì tuntun náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbé àwo abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó wo káàdì tuntun náà, ó mọ́ tónítóní.

“Màmá, ṣé ó ní oògùn tí ara yín kì í gbà?”

“Ó wà.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Ṣé èmi ni dókítà ni? Ìgbà tó ṣe mí, ojú mi wú bíi búrẹ́dì, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà ìgbà yẹn ló ní, ‘Alhaja, ẹ má fìyẹn da orí yín láàmú, ó ti wà nínú káàdì yín títí láé.’ Títí láé náà dà?”

Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn.”

Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni pé ta ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ dúró.

Fúnkẹ́ wà nínú yàrá sáfà. Òun náà ti wá nọ́ńbà Alhaja, kò rí i. Mo jókòó, mo pa atọ́ka tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí ẹ̀rọ ka àká láti orí dé ìdí. A jọ dúró. Alhaja jáde lójú ẹ̀rọ. Orúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àti orúkọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Fúnkẹ́ sáré lọ wo ohun tó wà nínú àwo abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó padà dé, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

“Òun náà ni, Dádì. Òun gan-an ni.”

A ti mú àwo náà kúrò, dókítà ti yan oògùn mìíràn, Alhaja sì ti ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà kí ara èmi àti Fúnkẹ́ tó balẹ̀. Àká kò sọ nǹkan kan nù. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi sọ pé kò sí i? Èmi mọ̀ pé atọ́ka ló parọ́, n kò mọ ìdí tó fi parọ́. Fúnkẹ́ ló wá ìdí rẹ̀ kàn. Baálé àtijọ́, bí ó bá ń to nọ́ńbà àwọn ènìyàn, kì í ka àmì dáàṣì yẹn sí nǹkan kan, ńṣe ló ń fò ó. Baálé tuntun ń kà á, ó tilẹ̀ ń fi ṣe àgbà fún àwọn nọ́ńbà.

Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé ṣàlàyé rẹ̀. Nínú agbo ilé kan, bí ìyàwó bá ti wọlé sí ni wọ́n fi ń to àgbà: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń jókòó síwájú, bí ó tilẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Nínú agbo ilé mìíràn, ká ní ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò. Bí o bá kó àwọn ìyàwó ilé àkọ́kọ́ lọ sí ilé kejì, tí wọ́n sì jókòó bí wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé kejì tó lọ wá ẹnì kan ní àyè tí òun mọ̀ kò ní bá a. Yóò padà wá sọ pé kò sí nílé. Obìnrin náà sì jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti Alhaja. Àwọn tí a wá lọ́jọ́ Iléyá jẹ́ àwọn tí àyè wọn kò yí padà. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, à bá mọ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn pé wọn kò sí.

A dá ilé ìwòsàn padà sórí sáfà àtijọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú gbogbo ikọ́ tí ó ń hú. A kó gbogbo ohun tó wà nínú àká jáde bí ọ̀rọ̀ lásán, láìsí atọ́ka. A wá rọ ọ́ tuntun sínú sáfà tuntun, kí baálé tuntun fúnra rẹ̀ lè to olúkúlùkù sí ibi tí òfin tirẹ̀ wí, kí ó sì ṣe atọ́ka tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a wá àwọn tí wọ́n ti ṣí káàdì tuntun fún, a so ọ̀kọ̀ọ̀kan padà mọ́ káàdì rẹ̀ àtijọ́. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó fara pa nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni a tún ka àká náà láti orí dé ìdí, a sì fi wé ohun tí atọ́ka wí. Wọ́n bára mu.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Fúnkẹ́ wá sí Festac, ó gbé ọsàn dání. Ó jókòó sórí àga ìyàwó mi láìmọ̀.

“Dádì, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní ètò yẹn tán. Gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín lókè òkun, tàbí…”

“Tàbí mo kú.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o!”

“Mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n rò ó.”

Mo rò ó lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Alàgbà Fálànà bá mi lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì wa. Mo sọ fún un.

Ó ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ti ń ṣarán ni? Kọ́ ọ ní ìdajì, kí o mú ìdajì dání. Èmi kọ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi tán. Ta ló ń pè mí? Àwọn tó ń ta ilẹ̀ lórí fóònù nìkan. Ìjẹta, ọ̀kan pè mí ní Màdáámú.”

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo dá a lóhùn. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn ni.”

A rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ó sọ. Ìdajì tí mo bá mú dání ni yóò máa mú kí fóònù mi dún. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mo kàn máa gbàgbé láti sọ àwọn nǹkan kan ni, ta ni yóò sì bá arúgbó jà pé ó gbàgbé? Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi gbé èrò yẹn kiri inú ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ gbà á, ohùn Alhaja ni mò ń gbọ́: títí láé náà dà? Bí ó bá jẹ́ pé inú orí mi ni títí láé náà wà, a jẹ́ pé ó ti sún mọ́ àtiparí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò gbà kí ọmọ hù nídìí òun, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni yóò pa run, ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ṣófo.

Mo pè é. Mo ní kí ó máa bọ̀.

Mo kọ́ Fúnkẹ́ tán. Ọ̀sán sí ọ̀sán, nínú yàrá sáfà ní Amúwo, ẹyọ kan kò kù lẹ́nu mi. Kò rọrùn láti kọ́ ọ, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń tẹ ẹ̀rọ kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu mi.

“Fúnkẹ́, mi ò tíì sọ ọ́ tán.”

“Mo ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, Dádì.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

Nígbà mìíràn kò mọ̀ ọ́n, a ó sì padà sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ó mọ̀ ọ́n ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó kọ ètò kékeré kan tí yóò máa ka àká láti orí dé ìdí fúnra rẹ̀, tí yóò sì kígbe bí atọ́ka bá parọ́, láìjẹ́ pé ènìyàn jókòó tì í. Ohun tí Ọ̀gá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Mo yìn ín. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ fọwọ́, mo sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà wọlé.

Nígbà tí baálé tuntun náà tún yí padà, bí wọ́n ti ń ṣe nísinsìnyí lọ́dọọdún, mo ti múra sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo wọ bàtà. Mo gbé fóònù sórí tábìlì. Ọ̀sán pọ́n, mo jẹun. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó dún.

“Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A ti ṣe é, gbogbo ẹ̀ ló lọ dáadáa. A kà á láti orí dé ìdí, kò sí àléébù. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni mi ò ṣe pè.”

Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O kú iṣẹ́.” Mo bọ́ bàtà.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́, n kò ní sọ fún ọ pé kí o má ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe. Iṣẹ́ iyì ni, mo sì fi iyì ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ̀ ọ́, mọ̀ pé ọjọ́ tí o bá ṣe é dé ojú àmì ni ọjọ́ tí wọn kò ní nílò rẹ mọ́. Wá nǹkan mìíràn tí yóò máa pè ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Èmi kò wá a ní àkókò.

Dátábéèsì àtijọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà tuntun ní Amúwo, gbogbo káàdì ló wà níbẹ̀, Fúnkẹ́ ló ń bójú tó o, wọn kò sì tíì pè mí láti ìgbà náà.